Ẹ̀rí Ta Ni? Àwa, Ìwé Pélébé Kan, àti Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni àwọn èèyàn ti ń bi wá pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tí a jọ ń gbé hóstẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin tí ẹ ń ka oríkì, kí ni ẹ ń wá nínú ìwé tiwa?" Ìdáhùn wa kò gùn. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ìtumọ̀ ni ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ìwé kékeré kan tí ó wúlò fún aráàlú, kí a tú u sí Yorùbá, kí a sì kà á sí etí àwọn tí a tú u fún kí a tó mú un wá gba máàkì. Àwa mẹ́rin mú ìwé pélébé kan tí ó dá lórí ìtọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ojú ewé méjì péré ni. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà sọ pé ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣàlàyé jẹ́ evidence-based. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ tọ́jú aláìsàn, ó lè ṣe é bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó lè ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó sì lè béèrè pé: ta ni ó ti fi èyí wé òmíràn rí, kí ni wọ́n sì rí? Ẹni tí ó bá ń fi ìbéèrè kẹta yìí ṣiṣẹ́ ni wọ́n ní ó ń ṣe evidence-based practice. Gordon Guyatt, dókítà kan ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, ni ó sọ irú ìṣègùn yìí lórúkọ ní 1991.

Ọ̀kan nínú wa ní ṣé wọn kì í béèrè tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n máa ń béèrè, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Benjamin Spock ní Amẹ́ríkà. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ sì tà káàkiri ayé. Nínú àtúntẹ̀ ti 1958, ó gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n máa da ikùn ọmọ délẹ̀ bí ó bá ń sùn. Àlàyé rẹ̀ bọ́gbọ́n mu: bí ọmọ bá bì nígbà tí ó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, èébì lè há a lọ́fun. Àìmọye ìyá ni ó gbà á gbọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà ko gbogbo àkọsílẹ̀ jọ ní 2005, wọ́n rí i pé láti 1970 ni ó ti hàn nínú ìwé pé ọmọ tí ó ń da ikùn délẹ̀ sùn ni ó máa ń kú ikú òjijì lójú oorun jù. Kò sẹ́ni tó kó àwọn ìwé náà pọ̀ kà. Ọdún 1991 ni Bìrìtéènì tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1994. Àwọn olùwádìí náà ṣírò pé ó ju 10,000 ọmọ lọ ní Bìrìtéènì nìkan tí ì bá má kú, ká ní wọ́n tètè ka ohun tó wà nílẹ̀. Èèyàn rere ni dókítà náà, kò sẹ́ni tó ní ó fẹ́ pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ni ó bà wá lẹ́rù.

Àmọ́ ohun tí ó mú wa jókòó ti iṣẹ́ yìí ni nǹkan kan tí David Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1996, nígbà tí àwọn kan ń pariwo pé ìwádìí fẹ́ sọ dókítà di ẹ̀rọ. Wọ́n ní ìwádìí nìkan kọ́. Ìwádìí wà níbẹ̀, ìmọ̀ àti ìrírí oníṣègùn wà níbẹ̀, ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fẹ́ àti ipò tí ó wà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ààrò mẹ́ta ni. Àwọn ọmọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ń kọ́ méjì àkọ́kọ́ lójoojúmọ́. Ìkẹta ńkọ́? Ìyá tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan, Yorùbá ni yóò fi sọ ohun tí ó fẹ́. Yorùbá náà ni yóò sì fi gbọ́ ohun tí ìwádìí sọ, kí ó tó lè gbà tàbí kí ó kọ̀. Bí Yorùbá ibẹ̀ bá wọ́, ààrò kan ti yẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ó kàn wá.

Ìtọ́jú tí ìwé náà ń sọ ni wọ́n ń pè ní Kangaroo Mother Care. Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ínkúbétọ̀ kò kárí níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń kó àrùn ran ara wọn. Dókítà kan tí ń jẹ́ Edgar Rey Sanabria wá ní kí wọ́n gbé ọmọ sí àyà ìyá rẹ̀, láìsí aṣọ láàárín awọ àti awọ, kí wọ́n dì í mọ́ ọn, kí ó máa mu ọmú níbẹ̀. Ara ìyá ni yóò máa mú un móoru. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìwádìí fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ sínú ínkúbétọ̀ tàbí lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ móoru títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kí wọ́n tó gbé e fún ìyá. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu. Ti Spock náà jọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ibi tí wọ́n ti dán ìyẹn wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, darí ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn márùn-ún: ọ̀kan ní Gánà, ọ̀kan ní Íńdíà, ọ̀kan ní Màláwì, ọ̀kan ní Tanzania, ìkarùn-ún sì ni ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ìparí 2017 dé oṣù kìíní 2020, wọ́n gba ọmọ 3,211 tí ìwọ̀n wọn wà láàárín kílò 1 àti kílò 1.8. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá wọ inú wọ́ọ̀dù tí ọmọ wà, wọ́n sì gbé ọmọ sí àyà láìdúró de ìgbà tí ara rẹ̀ máa balẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù yẹn, apá kejì ń lo nǹkan bíi wákàtí 17 lójúmọ́ ní àyà. Apá kìíní kò ju wákàtí kan àtààbọ̀. Nínú 100 ọmọ apá kìíní, nǹkan bí 16 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú 100 ọmọ apá kejì, 12 ni. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró kí iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ tó pé, nítorí kò tọ́ mọ́ kí wọ́n tún máa fi ọmọ kankan sí apá kìíní. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2021. Ní oṣù kọkànlá 2022, WHO yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà: kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bí ọmọ, kí ó sì tó wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin ọ̀kan nínú wa bí ìbejì ní oṣù keje ní ìparí 2023, ní ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ní kí ó máa jókòó sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí ó wọlé, tí ó bá ti fún ọmú sínú ife tán, ó di ìta. Ó bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá òun lè gbé wọn díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Rárá, Ìyá Ìbejì, ẹ ó kó àrùn ràn wọ́n." Ó parí síbẹ̀. Táíwò lọ ní ọjọ́ karùn-ún. Kẹ́hìndé ti ń sáré kiri ilé báyìí, ó sì ti fọ́ fóònù méjì.

A ti jiyàn púpọ̀ láàárín ara wa bóyá kí a kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbí. A kò lè sọ pé àyà ìyá ni ì bá gba Táíwò là. Nínú apá tí ó dára jù pàápàá, 12 kú nínú 100. Ìtàn ọmọ kan kò lè dá ẹjọ́ irú èyí, ó sì nira fún àwa tí ìtàn jẹ́ iṣẹ́ wa láti kọ ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé nígbà yẹn, ìwádìí náà ti jáde fún ọdún méjì, apá kan rẹ̀ sì wáyé ní ìlú tí Yorùbá gbogbo ń pè ní orírun, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ìyá náà ní èdè kankan. Bí ó bá mọ̀, ì bá ní ìbéèrè kejì tí yóò bi nọ́ọ̀sì yẹn.

Ó dáa, a padà sórí iṣẹ́. A kọ́kọ́ tú evidence-based sí "ìtọ́jú tí ó dá lórí ẹ̀rí". A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa ní ọjọ́ tí àwọn aláboyún máa ń pé jọ, a kí wọn kú ìjókòó, nọ́ọ̀sì àgbà fún wa láyè, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. A kò tíì ka ìlà mẹ́ta tí ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ fi dìde. Ó ní òun náà ní ẹ̀rí. Ó ní ọmọ àbúrò òun tí oṣù rẹ̀ kò pé, àgbo ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, ó yè, ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó kù ní "Ògo ni fún Ọlọ́run!" Ìyá náà kò ṣì wá gbọ́. Bí ẹ bá sọ "ẹ̀rí" fún ọmọ Yorùbá lónìí, ohun tí ó máa gbọ́ ni ohun tí ènìyàn kan dìde jẹ́ ní ilé ẹjọ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì: ohun tí ojú mi rí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ti ìwádìí ìṣègùn, ìyẹn gan-an ni wọ́n ń fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń gbé òkè àti ìsàlẹ̀ àkàbà.

"Ìwádìí" kò sàn jù ú lọ. Ìyá mìíràn bi wá pé, "Ta ló jalè?" Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: ọlọ́pàá ni ó ń ṣe ìwádìí létí ọ̀pọ̀ èèyàn. A wá ń sọ pé "wọ́n fi ọ̀nà méjì wé ara wọn láti mọ èyí tó dára jù". Ó gùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wá nípa olè mọ́.

Èyí tí ó le jù ni bí wọ́n ṣe pín àwọn ọmọ náà. Kèké ni wọ́n ṣẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí a lè lò tí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ ọ́, ojú yí padà. "Ṣé kèké ni ẹ fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ni? Tẹ́tẹ́ ni ẹ ń ta?" Àwọn ọmọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ̀ lé wa wá gbìyànjú láti ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá kan tí ó jókòó sẹ́yìn, tí ó jọ pé àlejò ni ó sin wá, ni ó bá wa tú u. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Nínú àjọ tí à ń dá, ta ni ó máa ń kọ́kọ́ kó?" Wọ́n ní ẹni tí kèké bá mú ni. Ó ní, "Èé ṣe tí ìyá àjọ kì í yàn fúnra rẹ̀?" Wọ́n ní ojúsàájú ni, ó máa gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó tán. Bí ẹ bá ní kí dókítà yàn, ọmọ tí ó lágbára ni yóò kó sí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, yóò wá ní ọ̀nà òun ni ó dára." A ti ka ojú ewé mẹ́jọ lórí kókó yìí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí èyí tó tó ti ìyá yẹn. Ọ̀rọ̀ àjọ náà wà nínú ìwé pélébé wa báyìí, bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ti iye, kíákíá ni a ó sọ ọ́. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní ikú dín kù ní ìdá 25 nínú 100. Òótọ́ ni, nítorí 12 fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí 16. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí a kà á fún, títí kan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, rò pé ọmọ 25 nínú 100 ni a gbà là. Ọmọ mẹ́rin ni. A yọ ìdá náà kúrò, a kọ mẹ́rìndínlógún àti méjìlá. Mẹ́rin kò pọ̀ lójú ìwé. Ẹ bi ìyá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà.

Orúkọ ìtọ́jú náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ kangaroo. Bí a bá ní ẹranko kan ni tí ó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, wọ́n á ní kí ni àwọn fẹ́ fi ìwà ẹranko ṣe. Àwa ti kọ "ìfarakanra ìyá àti ọmọ", èyí tí ó dàbí àkọlé ìwé àpilẹ̀kọ ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n kà á. Ìyá àgbà kan tí ó sin ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá ní ẹ̀yìn ni à ń pọn ọmọ sí, kì í ṣe àyà. Ó wá rò ó díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kéré tó báyẹn, ẹ̀yìn kò gbà á. Ẹ pè é ní ìpọ̀nsáyà." Ìpọ̀nsáyà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ti fi ń wá ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ọ̀já wà níbẹ̀, pé ìyá lè dìde rìn, pé kì í ṣe ìyà àìrówó san ínkúbétọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé náà. Níbo ni èmi máa sùn? Ta ni ó máa bá mi jókòó ti ọjà? Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ìbejì ńkọ́? Ṣé bàbá ọmọ lè gbé e? (Wọ́n rẹ́rìn-ín sí èyí títí omi fi ń bọ́ lójú nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá lè gbé e, ìyá àgbà náà lè gbé e. Nínú ìwádìí náà, ẹlòmíràn nínú ẹbí lè gbà á lọ́wọ́ ìyá tí kò bá lágbára.) Ìbéèrè ibùsùn yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí ìwádìí yẹn fi kún wọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Bẹ́ẹ̀dì ìyá ni, àti àga, àti ìyọ̀ǹda láti má lé e jáde. Ìyá tí kò ní ibi tí yóò fẹ̀yìn tì kò lè pọn ọmọ sáyà fún wákàtí 17, bí ó ti wù kí Yorùbá wa dùn tó.

A fi gbólóhùn méjì kún ìwé náà tí kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì: pé ìyá lè béèrè bẹ́ẹ̀dì nínú wọ́ọ̀dù ọmọ, àti pé ẹlòmíràn nínú ẹbí lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ wa ní ògbufọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ onílé. Ó yọ máàkì mẹ́ta. A gbọ́ ohun tí ó ń sọ, a sì fi gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀.

Ti evidence náà kò tíì tán. Nínú ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ báyìí, a kọ "àrídájú". Ọ̀kan nínú wa kò fara mọ́ ọn. Ó ní àrídájú ń ṣèlérí jù, pé ìyá tí ó bá pọn ọmọ sáyà tí ọmọ sì kú yóò padà wá bi wá pé àrídájú wo ni a ń sọ. Ó ní kí a kọ "ohun tí a rí nígbà tí a fi wéra". Àwa mẹ́ta tó kù ní ó gùn jù fún àkọlé. Bí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ rédíò tàbí ní ilé ìwòsàn bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù, a ń retí yín.

Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ gba ẹ̀dà 40 lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀dì ìyá kan ṣoṣo ni ó wà ní yàrá tí wọ́n ń tọ́jú irú àwọn ọmọ yìí sí, ó sì ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti béèrè mẹ́ta sí i. Ó ní kí a bá òun kọ gbogbo ìbéèrè tí àwọn ìyá bi wá lọ́jọ́ náà sínú ìwé kan, kí òun so ó mọ́ lẹ́tà náà. Mọ́kànlá ni. Ti ibùsùn ni a fi sí òkè.